Ohun Tí A Fi Ẹní Bò Lẹ́yìnkùlé

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Okokomáíkò, Ọ̀jọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Bámikẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú òjò. Ṣé ara yín le? Baba Dọ̀tun ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Ní tiwa, a kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Àwọn wolé-wolé ló wá sílé wa lóṣù tó kọjá. Obìnrin tó ṣáájú wọn fi ìborùn bo imú, ó ní ilé wa 'squalid', pé bí òun bá padà wá bá a bẹ́ẹ̀, òun á tì í pa. Mo lọ bi Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí, tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú, pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ibùgbé tí ìdọ̀tí àti òṣì ti bà jẹ́, tí ẹni tó yẹ kó tún un ṣe kò sì bìkítà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a kì í pe ilé tí a kàn gbàgbé láti gbá bẹ́ẹ̀.

Inú bí wa, pàápàá àwa tí à ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A gbá gọ́tà, a da Ísáàlì sí balùwẹ̀, a kun ògiri. Ó wá ku ṣáláńgá àtijọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí ọmọrí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti wó. Baba Làmídì, àgbà ayálégbé, ní ká gbé pákó lé e, ká tẹ́ ẹní sórí rẹ̀. Nígbà tí wolé-wolé padà dé, ó rò pé ibi ìgbafẹ́ wa ni. Ó yìn wá, a sì fi orin ọpẹ́ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni òjò ti ń pa pákó náà. Lánàá, mo bá Jésùdámiláre, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta, láàárín ẹní, ó ń jẹ ẹ̀pà. Pákó ti tẹ̀ wọnú lábẹ́ rẹ̀. N kò lè pariwo, kó má baà fò dìde. Mo na ọwọ́, mo ní kó rákò wá bá mi. Ó ń bọ̀, pákó ń dún. Nígbà tí mo gbé e, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ní ká pe wolé-wolé padà. Baba Làmídì kọ̀ jálẹ̀. "Ìyá Dámiláre, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ́ọ̀kì ilé mọ́ wa lórí ni? Where we wan go? Pákó míì la máa rà." Gbogbo ilé gbè é lẹ́yìn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ìdọ̀tí la fọ̀, àìbìkítà tí tíṣà wí ṣì wà níbẹ̀. Onílé kò tilẹ̀ gbé ìpè wa.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bámikẹ́. Ẹ̀rù aráalé ń bà mí, ẹ̀rù àìnílé ń bà mí, ṣùgbọ́n ti ihò yẹn ló pọ̀ jù. Láàárọ̀ ọ̀la, mo ń lọ sí ọ́fíìsì kánsù láti mú obìnrin náà wá, n ó sì fi ọwọ́ ara mi ká ẹní náà níṣojú gbogbo wọn.

Bá mi kí Màmá àti Dọ̀tun. Bí o bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ ní Ṣágámù, tí mo pọn ọmọ, tí mo ru ẹrù, jọ̀ọ́, má tíì bi mí ní nǹkan kan. Ṣáà ṣílẹ̀kùn.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Hannah.