Kìlómítà Mọ́kànlá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ń le? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti dẹ́kun ariwo? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o pàdé ohun tí yóò bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ lálọ àti lábọ̀. Àwa náà wà. Káfíńtà ti parí òrùlé ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ kò tíì jinná, ṣùgbọ́n egbò náà ti tún ń gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o rà fún wa ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí o pè lórí fóònù, o ní àwọn tó ní irú rẹ̀ máa ń kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iye kìlómítà tí lítà epo kan ń gbé wọn lọ, pé ọ̀pọ̀ wọn ń rí mẹ́tàdínlógún, kí n wo tèmi lójú dígí kékeré tó wà lẹ́yìn sítíárìn, kí o lè bá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Mo wò ó, mọ́kànlá ni. Mi ò lè sọ fún ọ. Mo rò pé bíi ti ilé ìwé ni, pé ẹni tó bá gbẹ́yìn, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wà. Ta ni yóò wá máa gbé ìyá rẹ lọ sọ́sípítù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè wẹ egbò náà kí wọ́n sì tún un dì?

Ni mo bá tú ìjókòó ẹ̀yìn, mo yọ sípíà táyà, mo sọ jáàkì sílẹ̀, mo kó gbogbo ìwé inú ọkọ̀ jáde. Ó di méjìlá. Ìyá rẹ tó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà bi mí pé ṣé kì í ṣe òun ló wúwo jù. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wo dígí náà kí n tó dáhùn. Nígbà tí ọjọ́ ọ́sípítù pé, ó ní kí n máa dá lọ wò ó, pé ẹsẹ̀ ò ro òun lọ́jọ́ náà.

Mo dá lọ. Mo dé ibẹ̀, mo wo dígí, mẹ́rìndínlógún. Inú mi dùn débi pé mo wọlé lọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó bi mí pé aláìsàn dà. Mo ní ó wà nílé, pé ọkọ̀ ni mo wá dán wò. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ká báńdéèjì tó ti gé sílẹ̀ dè é, ó dá a padà sínú àpótí. Mi ò mọ bí mo ṣe rìn jáde.

Mẹkáníìkì tó bá mi to ìjókòó padà ní ìwúwo ìyá rẹ kò tó nǹkan kan. Ó ní jíà kìíní àti ìkejì tí mo fi ń rọra la gbogbo kòtò kọjá nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ epo. Ó ní kí n máa sáré bíi tàwọn yòókù. Mo ní mi ò lè ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìyá rẹ lọ. Egbò náà ti tún ṣí létí kan. Nọ́ọ̀sì kò bá mi wí, ìyá rẹ náà kò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nítorí náà, bá mi kọ mọ́kànlá síbẹ̀, má fi kún un. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ọkọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi jinná, èmi fúnra mi yóò fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e fún wọn. Kó tó dìgbà náà, fi owó epo ránṣẹ́ sí wa, jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀ ju ti ẹni tó ń sáré lọ.

Lọ́jọ́ tí ara bá ń ro ìwọ náà, Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò rọra gbé ọ jíǹkí rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.