Oríkì Tí A Pín ní Adébáyọ̀

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Ọ̀gá Dídín, tó ni ilé adìyẹ díndín wa, ju fóònù lù mí lónìí. Èjìká ló bà. Fóònù ilé iṣẹ́ ni, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló tún sáré he é, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò yẹ èjìká mi wò. Ẹ̀ṣẹ̀ mi? Èrò tó ń tẹ̀lé wa lórí ìkànnì pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ wa ní Adébáyọ̀, l'Adó-Èkìtì níbí, ṣófo. Mo ní ọ̀gá, èmi ń fèsì fún oníbàárà lórí Wáàsáàpù ni, èmi kọ́ ni mò ń din adìyẹ. Ibẹ̀ ni fóònù ti fò.

Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó ní òun ti mọ ohun tí a máa ṣe. Nílé wọn l'Ọ́yọ̀ọ́, bí ìyá bá fẹ́ kí ọmọ jẹun, oríkì ló fi ń pè é. Ká bi oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní oríkì rẹ̀, ká máa fi jí i láràárọ̀. Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rántí èjìká mi, mo ní "Yes sà."

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Kúdí ló gba ohùn sílẹ̀ — Kúdírát, ọmọ Ìwó, tó wà ní kọ́ńtà. A wọ yàrá fíríísà, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Àjàní, Àkànní, Àlàbí, Àjàgbé. Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àníkẹ̀ẹ́. "Àjàgbé o! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa yín lónìí o." Ohùn yẹn dà bí ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ òjò.

Ó ní: "Gbogbo ọkùnrin Adó ni mò ń kì báyìí, n ò sì tíì rí ẹyọ kan fẹ́. Ẹ̀yin ará 'ulé' yìí le o." Ó máa ń fi ẹnu Èkìtì mi ṣẹ̀fẹ̀ báyẹn.

Ọ̀gá fi àwòrán Kúdí sójú nọ́ńbà Wáàsáàpù wa. Kò bi í léèrè. Ojú Kúdí, ohùn Kúdí, ìka tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ìlà dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin méjì ja nítorí itan adìyẹ tó kù, ọ̀kan gé èkejì jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ọ̀gá Dídín dúró tì wọ́n, ó ń ya fídíò.

Wàhálà kan ló wà. Àwa Èkìtì kì í sábà ní irú oríkì yẹn. Bàbá mi, Òkè-Ìlá nínú Adó níbí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, kò ní. Ọ̀pọ̀ oníbàárà fi àyè oríkì sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀gá ní kí n fún wọn. Mo ní: oríkì kẹ̀? Ìyá ẹni ló ń fúnni, tàbí ìyá bàbá ẹni. Ó ní: "Bámidélé, ṣé ìyá wọn ló ń san owó oṣù rẹ ni? Fún wọn."

Mo jókòó, mo ń pín in bí ẹni ń pín súwíìtì. Èyí tọ́wọ́ bá bà.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹnì kan kọ̀wé sí wa. Ọlálérè, olùkọ́ ìṣirò ní ìlú Ìjàn. Tíṣà ni màá máa pè é níbí. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Ó ní láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò fi ohùn dídùn jí òun rí. Ó wá béèrè: "Ta ló fún mi ní Àjàgbé?"

Òfin Ọ̀gá ni pé ọ̀rọ̀ oníbàárà ò gbọdọ̀ tutù kí a tó fèsì. Mo tẹ̀ ẹ́: "Èmi ni. Ó yẹ yín ni." Ó ní omi ti bọ́ lójú òun nínú yàrá àwọn olùkọ́. Mo fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí i, mo bọ́ sórí oníbàárà mìíràn.

Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Ojoojúmọ́ ni Tíṣà ń gun ọ̀kadà wá láti Ìjàn. Ó ga, ó tinrin, ẹfun ṣì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àga tó kọjú sí kọ́ńtà ló ń jókòó sí. Bí ó bá kàn án, Kúdí á ní "Sà, kí lẹ fẹ́?" bó ṣe ń sọ fún gbogbo ayé. Tíṣà á wá máa wò ó ṣùn-ùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó kọ ọ́ pé: "Kí ló dé tí o ń ṣe bí ẹni pé o ò mọ̀ mí?" Ìka mi dúró. Kí n sọ òtítọ́? Ọ̀gá á pa mí. Mo tẹ̀ ẹ́: "Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni. Wọ́n ń ṣọ́ mi."

Kò yẹ kí n tẹ èyí.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Ọmọkùnrin kan di Kúdí lọ́wọ́ mú nígbà tó ń gba ṣéńjì. Tíṣà dìde, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ kọ́ńtà. Eyín bọ́. Kúdí bi mí: "Délé, ta ni ọkùnrin yìí gan-an?" Mo ní n ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Ọ̀gá pé ká dá Tíṣà dúró, pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọjá adìyẹ. Ó fún mi lọ́rùn ẹ̀wù, ó gbé mi mọ́ ògiri. Ó ní Tíṣà ń ra adìyẹ fún gbogbo olùkọ́ ilé ìwé wọn. Ó ní kí n má fi ojo tèmi ba ọjà òun jẹ́.

Ojo ni mí lóòótọ́. Mo tún ki Tíṣà láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀sán ni, ìlà gùn. Tíṣà dé, ẹ̀wù funfun lọ́rùn, ó ti gẹ irun. Kò tò. Ó lọ dúró níwájú Kúdí, ó ní: "Pè mí." Kúdí ní: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò sẹ́yìn." Ó ní: "Pè mí lójú gbogbo wọn. Orúkọ tí o fún mi." Kúdí wo ìlà, ó wò mí — èmi tí mo jókòó sí igun mi pẹ̀lú fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó ní: "Sà, n ò mọ̀ yín o."

Tíṣà fò kọjá kọ́ńtà. Ó fa agbọ̀n onírin yọ nínú epo gbígbóná, adìyẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ó fi lu Kúdí. Ó tún un lù. Epo fọ́n dé ògiri. Igbe Kúdí — n ò ní kọ ìyẹn.

Èrò bò ó. Wọ́n wọ́ ọ dé ẹ̀bá títì, wọ́n là á ní àga, wọ́n fi bàtà tẹ orí rẹ̀ mọ́ kọnkéré. Ẹnì kan ń kígbe pé kí wọ́n wá táyà. Èmi náà dé ibẹ̀. Mo ta á nípàá níhà. Mo tún ta á. Mo gbọ́ tí nǹkan ṣẹ́ nínú rẹ̀, inú mi sì dùn. Inú mi dùn gan-an ni.

Àwọn ọlọ́pàá ló gbà á lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, ó wò mí. Kò mọ̀ mí rí. Èmi tí mo kí i láàárọ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Ibi tí epo ti jó Kúdí: apá ọ̀tún. Ọrùn. Etí. Ojú rẹ̀ yè.

Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ — olùkọ́ ni gbogbo wọn — ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní olùkọ́ gidi kì í ṣàdédé ya wèrè. Wọ́n ní ọmọbìnrin yẹn á ti jẹ nǹkan rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n la àga mọ́ ilẹ̀. Mo gbé Bíbélì ìyá mi, mo tẹ̀lé e lọ sílé.

Mo lọ wo Kúdí nílé ìwòsàn. Báńdéèjì dé àgbọ̀n. Ó ní: "Délé, kí ló fẹ́ kí n pè é?" Oru àti ọ̀sán ló fi ń ro ó, ó ní ká ní òun mọ̀ ọ́n ni, òun ì bá pè é. Mo ní n ò mọ̀. Mo tún parọ́ fún un lórí ibùsùn àìsàn.

Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gá Dídín gbé fídíò ọjọ́ náà sórí ìkànnì. Ó ní èrò tó ń wò wá ti di ìlọ́po méjì. Ó ní kí n máa fi ohùn Kúdí ránṣẹ́ lọ, ohùn rẹ̀ ò kúkú jóná. Mo kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nímú. Ó ṣubú lu fíríísà. Iṣẹ́ tán.

Kí n tó ju fóònù wọn sílẹ̀, mo rí i pé Tíṣà ti kọ̀wé. Àwọn àgbà Ìjàn ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti gba béèlì rẹ̀. Ó ní: "Dárí jì mí. Mo ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn. O ṣáà máa pè mí lẹ́ẹ̀kan, kí àwa méjèèjì tó lọ."

Kí àwa méjèèjì tó lọ. Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ, bí kò bá ṣe ọ̀run? Mo kà á títí ojú mi fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kúdí. Kò sọkún. Ó fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣẹ́kù, gbá mi létí. Ó tún gbá mi, báńdéèjì ọrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Kúdí ní: "Lọ sọ fún un. Má fi fóònù ránṣẹ́ o. Fi ẹsẹ̀ rẹ lọ."

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ọ̀tún kán, ó wà nínú POP.

Àná ni mo lọ sí Ìjàn. Ìyá àgbà kan ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Ó wà ní ulé. Wọlé." Tíṣà jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ di ìhà rẹ̀. Mo ní èmi ni. Èmi ni mò ń tẹ èsì yín lórí fóònù. Kúdírát ò ka lẹ́tà yín kan rí, ohùn lásán ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní irọ́ ni, wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo wá sọ ohun tó kọ fún un lẹ́sẹẹsẹ: ikú ìyá rẹ̀, yàrá àwọn olùkọ́, ẹkún. Mo ní: "Àjàgbé o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ẹ̀rúkọ́ ló fà yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ bà mí ní apá, mo gbọ́ ọ tó kán. Èkejì, ẹnu. Ó ní kí n tún un pè. Mo pè é, eyín ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ó nà mí. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó ń sunkún bí ọmọdé, ó sì ń nà mí lọ, títí ẹ̀rúkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní: "Obìnrin yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan." Mo ní kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí mọ́ ògiri, ìyá àgbà ló wá dì í mú.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé mi sórí ọ̀kadà, ó dì mí mú látẹ̀yìn kí n má bàa ṣubú. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló lu èèyàn báyìí. Ó ní òun ni, kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì náà wò wá títí. Ó bi Tíṣà pé kí ni mo jẹ́ sí i.

Tíṣà ní: "Òun ló sọ mí lórúkọ."