Ẹkún Òkú Tí Wọ́n Sun fún Bàbá Mi Lójú Ayé Rẹ̀

                                                  Agbo-ilé Awóyẹmí,
                                                  Òmù-Àrán,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹrẹ́nà, 1978.

Rhoda, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú ìtọ́jú ilé, o kú ooru Kàdúná. Ṣé dáadáa lo wà? Ambrose ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà Kérésì ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Lucy ọmọ mi ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti wọ ilé ìwé, pé Hausa ló fi ń bú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá mi wà láàyè, èmi wà láàyè, Bàbá mi náà wà láàyè. Mo kọ ti Bàbá yẹn gedegbe, nítorí ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ nǹkan mìíràn.

Mo ti kí ọ tán o. Inú ń bí mi, Rhoda. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti ń bí mi. Mi ò kọ̀wé sí ọ nígbà tó gbóná jù, kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè kó jẹ. Mo dúró kó rọlẹ̀, kò rọlẹ̀. Rótìmí àbúrò rẹ ló fà á.

Ṣé o rántí pé ìwọ lo kọ̀wé sí mi lọ́dún tó kọjá pé Rótìmí ti di olùkọ́ ní yunifásítì, pé ó fẹ́ wá ṣe ìwádìí lórí ẹkún òkú ilẹ̀ Ìgbómìnà, kí n bá a wá ibi tí yóò máa sùn? Mo ní ṣé àbúrò rẹ kì í ṣe àbúrò mi ni. Mo kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá iwájú fún un. Oṣù méjì gbáko ló fi jẹ iyán ilé wa, Ìyá mi á sì tún bu ẹran inú àwo tirẹ̀ kún ti Rótìmí. Ká ní àlejò láti òkè òkun ló ṣe ohun tó ṣe yìí, mà á ní kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ọdẹ ni Rótìmí! Ìyá tó bí ẹ̀yin méjèèjì kò pe bàbá yín lórúkọ rí títí ó fi kú.

O mọ Ìyá mi. Ìjókòó iwájú ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá kú ní Òmù-Àrán, àní títí dé Èsìẹ́, Rúùtù ìyá mi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá sun ẹkún. Ìgbà tí Rótìmí kọ́kọ́ ní kó sun ún sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ òun, Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní òkú ló ń pe ẹkún jáde, òkú wo ló wà nílẹ̀? Rótìmí ò gbà. Ó ń bá a pọnmi, ó ń bá a ṣẹ́gi, ó ń pè é ní Màmá mi dáadáa, títí Ìyá fi gbà lọ́jọ́ kan.

Fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí Ìyá ṣe, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹkún tó pé jù nínú rẹ̀ ni ti Bàbá mi. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń tò ó díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà oko, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́. Ó ní ìtìjú ni fún obìnrin tó mọ ẹkún sun láti dúró ti òkú ọkọ rẹ̀ kó máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Bàbá náà mọ̀. Ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìyá Caroline, ṣé o ti débi tí mo ti ra kẹ̀kẹ́?” Ìyá á pòṣé, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sun ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ sí i létí rí.

Ẹkún yẹn ló sun sínú ẹ̀rọ Rótìmí. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó yẹ kó ti dárúkọ Bàbá, ṣe ló ń dákẹ́, á mí kanlẹ̀, á wá máa bá a lọ. Ìgbà mẹ́sàn-án ló dákẹ́ bẹ́ẹ̀, mo wà níbẹ̀, mo kà á. Obìnrin ilé wa kì í pe ọkọ lórúkọ, a kì í sì í fi orúkọ alààyè sínú ẹkún òkú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló fi bo Bàbá mi lórí. Lẹ́yìn náà ló kìlọ̀ fún Rótìmí pé kó gbé e pamọ́ síbi tí wọ́n ti ń kàwé, wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ní Òmù-Àrán. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ti gbọ́.

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, yunifásítì wọn ní àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn han ará ìlú. Mi ò ní kọ orúkọ ilé ìwé náà sínú lẹ́tà mi, wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni wọ́n fi kó ara wọn wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: iṣẹ́ wọn dára, mi ò ní purọ́. Obìnrin kan bu omi kànga wa sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní ká wá wo ohun tí à ń mu, Asisat tó ń ta fùrá fojú kàn án, kò mu omi títí di alẹ́. Ẹnìkan ya àwòrán òkè wa pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ó jọ ọ́ débi pé mo rí ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sílé ìwé. Àwọn kan to òkúta kalẹ̀, wọ́n ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn kan kó ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà jọ sínú ìwé ńlá, àwọn arúgbó sì ń bá wọn jà pé báyìí kọ́ la ṣe ń pè é. Ọ̀kan ka ewì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní ti Bàbá, ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé tó ń wádìí ohun tó ń jẹ iṣu ló dúró sí. Ó sọ fún un pé ibi tó wá kòkòrò náà sí kọ́ ló ń gbé, ọ̀mọ̀wé náà sì mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Inú Bàbá dùn! Ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe bí ọkọ ìyàwó.

Wọ́n ní eré orí ìtàgé Rótìmí ló kàn. Wọ́n fi Bàbá sí ìjókòó iwájú gan-an, Ìyá wà láàárín àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé ọkùnrin kan jáde lábẹ́ aṣọ funfun. Ọmọbìnrin kan tú gèlè, ó kúnlẹ̀ tì í, ó bú sẹ́kún. Gbólóhùn méjì péré ni mo gbọ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹkún Ìyá mi ni! Ohùn Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń sun ún, wọ́n ti yọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa kúrò nítorí kó lè dùn létí àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tó débi tí Ìyá ti kọ́kọ́ dákẹ́, ọmọ náà lahùn, ó ní, “Jòhánù Àdìgún, ọmọ Awóyẹmí, ṣé o ò ní dá mi lóhùn ni?”

Rhoda, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló pè é! Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí Bàbá. Wosilat tó ń ta kẹrosíìnì figbe ta. Ìyá dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá jókòó títí wọ́n fi parí. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, òun náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé. Rótìmí sì dúró lórí ìtàgé, ó ń tẹríba fún àwọn èèyàn!

Àwọn tí wọn ò ráyè wọlé, orúkọ àti ẹkún nìkan ni wọ́n gbọ́ láti ojú fèrèsé. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìròyìn pé Bàbá ti kú ti délùú yín. Àbúrò Bàbá tó wà ní Òkè-Ọdẹ gun lọ́rì iyanrìn wá, ó ń sunkún láti ojú títì, ó wọlé bá Bàbá níbi tó ti ń jẹ iṣu sísun. Wọ́n ní kí èèyàn máa rẹ́rìn-ín sí i. Kò pa mí lẹ́rìn-ín o. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá di aṣọ méjì, ó kó lọ sí abà oko, kò sì tíì padà wálé di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìyá ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, ó ń jẹ ẹ́, ó ń fọ abọ́ dá padà, kò fi ọ̀rọ̀ kankan rán ẹni tó gbé e wá. Ọdún kẹtàdínláàádọ́ta rèé tí wọ́n ti ń gbé pọ̀.

Mo kọ̀wé sí Rótìmí. Mo ní kó wá, kó mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn bọ̀ wá fún Ìyá lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ló fi dá mi lóhùn, ó sì pè mí ní “Ìyáàfin ọ̀wọ́n”. Èmi! Ó ní òun rò pé ẹ̀rọ ló já ohùn Màmá gé níbi mẹ́sàn-án yẹn, òun sì tún un ṣe, nítorí iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ pé. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ti di ti yunifásítì, ìgbìmọ̀ kan ni yóò jókòó lé e lórí ní oṣù kẹfà. Ó ní eré náà wu àwọn èèyàn, àwọn ń gbé e bọ̀ ní Kàdúná lẹ́yìn Àjíǹde. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ló wá fọwọ́ kọ ọ́ pé, “Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fún mi lórúkọ Bàbá.”

Mo fa lẹ́tà náà ya. Mo tún ṣa á jọ, torí òótọ́ ló sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó bi mí pé kí ni oríkì Bàbá. Mo rò pé ó fẹ́ máa fi kí i ni. Orí mi wú, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, mo tún ní kó kọ ọ́ dáadáa. Ẹyin lohùn o. Inú ń bí mi sí ara mi, Rhoda, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ò fọ tirẹ̀ mọ́.

Mo lọ sí abà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá. Mo ní kó má bínú pé wọ́n fi ikú hàn án lójú ara rẹ̀, kó má sì rò pé Ìyá ń retí ikú òun. Ó ní ta ló sọ fún mi pé ikú ló ń ba òun lẹ́rù? Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí òun bá ń ṣàìsàn, ohun tó ń fi òun lọ́kàn balẹ̀ ni pé Rúùtù ní nǹkan tó tò sílẹ̀ de òun. Ó ní wọ́n ti sun ún tán báyìí fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ, tó dìde lẹ́yìn rẹ̀, tó lọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ní, “Kí ni wọ́n ṣẹ́ kù fún mi, Caroline? Ṣé orin ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni?” Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí omijé Bàbá mi rí, ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi Ignatius kú. Ọjọ́ Sátidé ló ṣìkejì.

Mo sáré wálé sọ fún Ìyá. Mo rò pé yóò ní kí n sọ fún Bàbá pé kó fọkàn balẹ̀, pé òun ò ṣe é tán. Ṣe ló gbé oúnjẹ Bàbá kaná. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo rí i tó gba ọ̀nà oko lọ ní òun nìkan. Nígbà tó dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun gbìyànjú láti sun ún. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá lanu, ohùn ọmọbìnrin yẹn lòun ń gbọ́, òun ò rí tòun mọ́.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Ọ̀dọ̀ rẹ ni Rótìmí yóò dé sí bó bá gbé eré náà wá. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Mi ò mọ bí o ṣe máa ṣe é, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ́, gbá a létí bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kó mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn wá sílé wa, kó gbé ẹ̀rọ síwájú Ìyá mi, kó jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, bóyá yóò rí i gbà padà. Mi ò fẹ́ lẹ́tà mọ́, mi ò fẹ́ ìwé ìdúpẹ́.

Bá mi kí Ambrose, bá mi gbé Lucy mọ́ra. Ìyá kí ọ, kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí mú ìwọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Bàbá mi, kò lè dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Bó bá lọ kí Rótìmí tó dé, a ó sin ín láìsí ẹkún kankan. N ó sì ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kó wá gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn sílẹ̀, kó sì fi orúkọ tó bá wù ú dí i.

                                                  Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí síbẹ̀, bí inú tilẹ̀ ń bí mi,
                                                  Caroline Awóyẹmí.