Òrùka Ẹsẹ̀ Ẹyẹ

                                        Agboolé Dogbatse,
                                        Adzikofe, etí ọ̀sà Keta,
                                        Ghana.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, 1982.

Kosiwa, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ tí n kò tíì rí sójú láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè pa. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé òróró gbígbóná lo ṣì fi ń pa á, àbí o ti jẹ́ kí àwọn dókítà Lomé gún ọ lábẹ́rẹ́? Ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún ọ, kó kà á jẹ́jẹ́, kí ará ilé kejì má gbọ́. Èmi wà láàyè. Ojú mi òsì ti ń ṣe bàìbàì, eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu mi, oúnjẹ sì ń wọlé. N kò ní purọ́ fún ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan kò dára níbí.

Dzigbodi, ìyàwó Senanu ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi oyin sí i. Tíṣà ni, irú wọn fẹ́ràn kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ arúgbó ṣe.

Wọ́n ti mú Senanu. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lónìí, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀. Àwọn ṣọ́jà ló mú un lọ sí bárékè wọn. Kò jalè, kò bú ìjọba, kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé. Ẹyẹ ló ń kà.

O mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń dẹkùn fún ẹyẹ létí òkun, òun a jókòó, a máa wò wọ́n. Nígbà tó di tíṣà, òyìnbó kan wá síbí, ó fún un ní ìwé ńlá kan tó kún fún àwòrán ẹyẹ, ó ní kó máa bá òun ka àwọn tó bá ń bọ̀. Òyìnbó náà lọ, kò padà mọ́. Senanu kò dẹ́kun. Láràárọ̀ Sátidé, á lọ sí etí ọ̀sà, á kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ báyìí, ẹyẹ mélòó, ibi tí wọ́n ti wá, ibi tí wọ́n balẹ̀ sí. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó wá ka àlùbọ́sà mi, ìyẹn ṣe é jẹ.

Mo ń bomi rin ebè lẹ́yìn ilé nígbà tí àwọn ṣọ́jà náà dé. Dzigbodi ti gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ. Wọ́n ti ti ilé ìwé pa, nítorí náà Senanu wà nílé. Ṣọ́jà mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n da àpótí ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kúkurú kan tó ń làágùn, ṣí ìwé tí Senanu ń kọ ẹyẹ sí, ó kà á sókè:

"Igba ó lé mẹ́wàá. Láti ìhà Togo. Wọ́n balẹ̀ sí etí omi láago mẹ́fà." Ó wojú ọmọ mi. "Igba ó lé mẹ́wàá kí ni?"

"Ẹyẹ ni, ọ̀gá."

"Ẹyẹ wo ló ń ti Togo wọ̀lú láago mẹ́fà?"

"Gbogbo wọn ni, ọ̀gá. Wọn kò gbọ́ pé wọ́n ti ti ẹnubodè."

Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà náà bú sẹ́rìn-ín. Senanu ṣí ìwé òyìnbó, ó ń fi àwòrán hàn wọ́n. Ara ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé o ò níyàwó ni, tó o fi ń ka ẹyẹ?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń múra àtilọ, Kosiwa. Gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n ti ń múra àtilọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún Dzigbodi pé ìwé ẹyẹ ló kó bá ọkọ rẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kọ ọ́, Dzigbodi. Má gbójú sókè, kọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí ẹyẹ kan tí ìgbì gbé sí etíkun, irú àwọn funfun onírù àlùmọ́gàjí yẹn. Kò tíì pẹ́ tó kú. Mo sè é jẹ. Kò dùn, ó ń rùn bí ẹja. Òrùka irin kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sára rẹ̀. Senanu ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti fi sí i, kí wọ́n lè mọ ibi tó máa dé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bá mi wí pé mo jẹ ẹyẹ náà. Ó kọ nọ́ńbà òrùka náà sínú ìwé rẹ̀. Èmi so òrùka mọ́ etí ìró mi, bí ohun iyì.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó dùn mí. Èmi tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Mo tú etí ìró mi. Mo ní, "Ẹ wò ó, ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ! Àwọn òyìnbó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fi ẹyẹ ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè. Ohun tí wọ́n kọ rèé." Senanu mi orí sí mi. Mo rí i. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀gá náà gba òrùka, ó wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ó tún ṣí ìwé Senanu, ó bá nọ́ńbà kan náà níbẹ̀. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń fi ẹyẹ ránṣẹ́ sí ọ?" Wọn kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n kó òrùka àti ìwé tó ń kọ, wọ́n sì wọ́ ọ jáde. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà níbí.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi fọ́ sórí ọmọ mi.

Dzigbodi gbé kálàmù sílẹ̀ níbí. Ó lọ sí ìdí kànga, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé kò ní padà. Nígbà tó jókòó, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Màmá, ẹ máa wí, ilẹ̀ ń ṣú." Mo ní kó kọ ìyẹn náà. N kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló máa ṣí ilẹ̀kùn bárékè.

Rédíò ń lu orin ológun ṣáá. Bí ajá bá gbó, gbogbo àdúgbò á dákẹ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo rántí pé ọjọ́ ẹyẹ ni, mo lọ sí etí ọ̀sà. Dzigbodi tẹ̀ lé mi. A kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìkarawun ni mo ń sọ sínú igbá, ọ̀kan fún ẹyẹ mẹ́wàá. Bí ṣọ́jà bá rí i, á ní arúgbó ń ṣeré. Àwọn lékeléke wà níbẹ̀, àwọn onírù àlùmọ́gàjí ń já bọ́ sínú omi bí òkò. Bí mo bá ń kà wọ́n, n kì í ronú. Kò sí ìsinmi mìíràn tí mo ní. Bí Senanu bá dé, yóò bá iye wọn nílẹ̀.

Lọ́sàn-án, Dzigbodi máa ń ka ìwé àwòrán náà fún mi. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń lé ẹyẹ kúrò lóko, n kò mọ̀ pé ẹyẹ tí mo ń sọ lókò ti la òkun kọjá wá. Mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní òyìnbó kan tó ti kú ni. Òkú mọ̀nà ẹyẹ, èmi alààyè kò mọ ohun tí ojú ọmọ mi ń rí.

Aku, ará ilé kejì, ní kí n sun gbogbo ìwé. Ó ní, "Yawa, ṣé o fẹ́ kí wọ́n padà wá mú ìwọ náà nítorí bébà?" Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, gbígbé ni wọn yóò gbé mi, nítorí ẹsẹ̀ mi kò lè rin ọ̀nà yẹn.

Ṣùgbọ́n n kò ya wèrè. Ìwé Senanu tó kù ló wà lábẹ́ àlùbọ́sà inú agbọ̀n yìí. Ẹni tó gbé e wá kò lórúkọ. Tọ́jú wọn síbi tí eku kò ní dé, má sì fi wọ́n di ẹ̀pà. Ìwé àwòrán ẹyẹ nìkan ni mo fi sílẹ̀ níbí. Bí ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún bá ní òun yóò wá òyìnbó tó fún Senanu níwèé kàn kó kọ̀wé gbè é lẹ́yìn, sọ fún un kó panu mọ́. Lẹ́tà láti òkèèrè, òrùka kejì ni.

Má sunkún nítorí wa. Senanu ń jẹun. Ìṣẹ́gun àti Jímọ̀ ni wọ́n ń gba oúnjẹ ní bárékè. Èmi ń sè é, Dzigbodi ń gbé e lọ: òkèlè akple, ọbẹ̀ ilá, odindi ẹja. Bí abọ́ bá padà, orí ẹja nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀. O rántí pé Senanu kì í jẹ orí ẹja, ó ní ó ń wo òun. Ṣọ́jà kò ní fi orí ẹja sílẹ̀. Èmi tí n kò mọ̀wé, mo mọ ìyẹn kà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí àwọn aláte tí a jọ ń tà lọ́jà Lomé nígbà náà, àwọn tó bá kù nínú wọn. Àtàǹpàkò mi nìyí nísàlẹ̀.

Èmi tí a jọ ru agbọ̀n àlùbọ́sà kan náà,
Yawa Dogbatse.

Ìyá Kosiwa, Dzigbodi ni. Màmá ti lọ sẹ́yìn ilé, wọn kò mọ̀ pé mo kọ èyí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ṣọ́jà ẹnu ọ̀nà bárékè kò ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n ní Senanu kò sí lọ́dọ̀ àwọn, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Abẹ́ igi àgbọn kan lójú ọ̀nà ni mo ń jókòó sí, tí mo ń jẹ ẹja náà, tí mo ń fi orí rẹ̀ sílẹ̀. Màmá ti jẹ́wọ́ tiwọn lónìí. Ọ̀la ni Jímọ̀. Wọ́n ti ra ẹja sílẹ̀.