Bíró Mi Ni, Kì í Ṣe Ti Màmá Nkem

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìfaradà mi. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Mo kí Màmá Àgbà, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ní kí ẹ ka lẹ́tà yìí sókè kí àwọn náà lè gbọ́. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Wàsíù nídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn. Ṣé òjò ti ń rọ̀ dáadáa l'Ógbòmọ̀ṣọ́? Ti ibí kò mọ̀gbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ní àdúgbò Ọgbà tí mò ń gbé, bàtà mi kì í gbẹ kí n tó tún wọ̀ ọ́.

Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ń wo fóònù náà títí ó fi dákẹ́. Ara mi le. Ohun tí mo ṣe ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ. Mo ti fún àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀dà lẹ́tà yìí pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má bínú. Ìṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti dákẹ́, kò sì yẹ kó jẹ́ etí yín nìkan ni màá sọ̀rọ̀ sí.

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí mi ò bá ní kíláàsì, mo máa ń lọ di bísíkíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan lápá Agége. A kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, a ti tò síwájú géètì. Ọ̀gá Lásísì tó ń bójú tó wa á jáde pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, á wá máa nàka: ìwọ, ìwọ, màmá yẹn. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá fò, ilé ló ń lọ yẹn. Kò sí àlàyé. Kí á tó wọlé, a ó bọ́ òrùka, a ó bọ́ yẹtí, a ó yọ píìnì orí, a ó sì fi bíró sílẹ̀ níta, nítorí ohun tó bá lè já bọ́ sínú oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ inú gbọ̀ngàn.

Màmá Nkem ló kọ́ mi níṣẹ́. Kì í ṣe orúkọ wọn gan-an nìyẹn, mo yí i padà nítorí ìwé ìròyìn, màá sọ ọ́ fún yín bí ẹ bá pè. Íbò ni wọ́n, wọ́n tó yín lọ́jọ́ orí. Àǹtí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn máa ń jáde kí n tó jí, wọ́n sì máa ń wọlé lẹ́yìn tí mo bá ti sùn, débi pé lọ́jọ́ mìíràn, oníkẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gbọ́ ohùn mi. Màmá Nkem ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè orúkọ mi níbẹ̀. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń kó páálí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà hàn mí. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á gbé báàgì wọn sílẹ̀ lórí ìlà, wọ́n á ní ààyè ọmọ wọn nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa èdè ní fáṣítì ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ kékeré kan, kó lọ wo ohun tó ń ṣe nínú èdè púpọ̀, kó sì gbà á lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, kì í ṣe lórí fóònù. Mo mú "na". Ẹ̀rù bà mí pé ó kéré jù, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ní géètì, kò jẹ́ kí n sinmi. Nínú Yorùbá, a lè na ọmọ, a lè ná owó, a lè ná ọjà, a sì lè ní kí ènìyàn dúró ná. Ohùn ti àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ti ìyókù, ṣùgbọ́n bí a kò bá fi àmì sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ìwé. Nínú pijin, "na me" ni kí á sọ pé èmi ni. Làmí tó ń lẹ páálí pa sọ fún mi pé nínú Haúsá, bí iṣẹ́ bá tán òun á ní "na gaji", ó ti rẹ òun nìyẹn, bí wọ́n bá sì fún òun ní omi òun á ní "na gode", òun dúpẹ́ nìyẹn. Olùkọ́ wa ní ará Rọ́ṣíà lè nawọ́ nǹkan sí ọ, kó ní "na", ìyẹn ni pé kí o gbà.

Màmá Nkem rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹ̀yin Yorùbá, kò sí ohun tí ẹ mọ̀ ju kí ẹ na èèyàn lọ, kí ẹ tún wá ná owó rẹ̀. Wọ́n ní tàwọn Íbò, ṣe ló ń so ènìyàn pọ̀: "mụ na gị", èmi àti ìwọ. Làmí ní kí wọ́n yéé purọ́, pé òun ò rí ẹni tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n ń dá ẹran jẹ lánàá. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Ó ṣe mí bíi pé mo mọ ìdí tí mo fi wá sí Èkó.

Ìyá mi, ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Olùkọ́ fẹ́ gbólóhùn kan tí ẹni tó ni èdè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Mi ò lè dúró di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Mo fi bíró pamọ́ sábẹ́ fìlà àwọ̀n mi, mo ká bébà sínú ìbàdí, mo wọlé. Bísíkíìtì ń bọ̀ lórí bẹ́líìtì, mo sì na bíró náà sí Màmá Nkem. Wọ́n ní ọmọ, wọ́n á lé wa o. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ìlà kan péré ni. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n fi eyín ṣí ìdérí bíró, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n kọ "Mụ na gị". Tábìlì yẹn máa ń gbọ̀n. Ìdérí náà yí, ó já sáàárín bísíkíìtì, ó sì bá wọn lọ.

Wọ́n dá máṣíìnì dúró. Gbogbo bísíkíìtì tó wà lórí bẹ́líìtì ni wọ́n dà nù. Mo ti ki bébà náà bọ àyà. Ọ̀gá Lásísì béèrè ta ló ni bíró. Ó ní ṣé a fẹ́ lọ yọ ọ́ nínú ikùn oníbàárà ni? Bíró wà lọ́wọ́ Màmá Nkem. Wọ́n yíjú sí mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ mẹ́ta tí mo lọ lẹ́yìn náà, Màmá Nkem wà lórí ìlà. Ìka Ọ̀gá Lásísì fò wọ́n, ó sì mú mi. Mo wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kẹrin, wọn ò wá mọ́.

Mo parí gbólóhùn tí wọn ò kọ tán náà fúnra mi, mo fi í lé olùkọ́ wa lọ́wọ́. Olùkọ́ gbé e sókè ní kíláàsì, ó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó béèrè ẹni tó kọ ọ́ fún mi. Mo ní ìyá kan níbi iṣẹ́ ni. Ìyá kan, Ìyá mi. Bí mo ṣe pè wọ́n nìyẹn.

Ní Sátidé, mo lọ bá Ọ̀gá Lásísì ní géètì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka, mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé èmi ni mo ni bíró. Ó ní ṣé òní ni ahọ́n mi hù? Ó ní kí n máa lọ sí fáṣítì mi, pé ẹlòmíràn ti wà ní ààyè ìyá yẹn. Làmí kò kí mi.

Mo wá wọn lọ sí Onígbòǹgbò, níbi tí mo gbọ́ pé wọ́n ń gbé. Aṣọ ni mo bá wọn tí wọ́n ń fọ̀ fún àwọn ará ilé kan. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sunkún. Wọ́n kọ́kọ́ sá aṣọ tán. Wọ́n ní kì í ṣe ìka Lásísì ni àwọn ń wò láàárọ̀ mẹ́ta yẹn, ẹnu mi ni.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní ilé iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù kan wà l'Ọ́gbà tó ń mú èèyàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní àwọn á lọ, pé èmi náà lè wá, ṣùgbọ́n kí n má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Mo ní mo gbọ́, mà.

Ẹ má tù mí nínú bí ẹ bá pè. Orúkọ wọn ni kí ẹ fi ṣe àdúà lẹ́yìn ìrun, kí iṣẹ́ tuntun bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kó tó bọ́ sí mi. Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin àti bàbá mi ní ẹ̀mí gígùn, kó sì jẹ́ kí oúnjẹ ẹnu gbogbo wa máa wá pẹ̀lú àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàgbà àtọmọdé.

Èmi ni ọmọ yín,
Rùkáyàt