Ẹja Tó Wà Lápá Mi

Àbúrò mi,

Èmi ni mo wọ ẹ̀wù rẹ tí kò lápá yẹn lọ. Má pariwo. Alápá gígùn ló kún àpótí tèmi, o sì mọ ìdí ẹ̀.

Oníṣẹ́ táátù tó o wá fún mi ní kí n ya fọ́tò àpá omi gbígbóná yìí wá, kí n má fi ìpara kankan pa á. Mo tú gbogbo fọ́tò wa láàárọ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tí mi ò ti fi aṣọ bò ó. Ni mo bá dúró lójú fèrèsé, mo na apá, mo yà á fúnra mi. Àbúrò, ẹja ni àpá yìí! Ó nírù, ó ní ìpẹ́!

Mo ti gbé e jáde láìbò ó nígbà tí mo lọ da ilẹ̀ nù. Ìyá ilé kejì tẹjú mọ́ mi, mo kí wọn, mo juwọ́ sí wọn. Ọwọ́ apá yẹn gan-an ni mo jù.

Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Bí Màmá bá pè, má sọ nǹkan kan nípa ẹja yìí; ẹnu mi ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ.

Sọ fún oníṣẹ́ táátù yẹn pé mi ò fẹ́ òdòdó tí a ní kó fi bò ó mọ́. Ojú nìkan ni ẹja yìí ò ní. Kó bá mi fi ojú sí i, kí òun náà lè máa wo àwọn tó ń wò ó.