Ọkọ Mi Dọ̀bálẹ̀ ní Ilé-Ìwé Ọmọ Wa

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìtọ́jú ilé dè wá, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Padova níbí, orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Mo kí Màámi, mo kí Bọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkirè. Bàbá Tọ́pẹ́ ní kí n kí yín. Tọ́pẹ́ náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti máa ka lẹ́tà ọmọ yín. Lórí fóònù, ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ti fẹ́ sọ tèmi, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èmi náà á máa ṣe àmín, káàdì á sì tán. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn àwa ọmọ Yorùbá níbí sọ pé ẹni tó bá ní lẹ́tà sílé kó kọ ọ́ wá, mo ní ó tán, ibi tí Bàbá mi kò ti ní lè já lu ọ̀rọ̀ mi rèé. Tọ́pẹ́ kọ́ ni orúkọ tí ẹ sọ ọmọbìnrin wa náà, ẹ̀yin mọ orúkọ tí ẹ sọ ọ́, mo fi í pamọ́ nítorí àwọn tó máa ka ìwé ìròyìn yìí ni. Mo bi í bóyá kí n kọ lẹ́tà yìí. Èdè Italy ló fi dá mi lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe, pé kí n ṣe bó ṣe wù mí.

Òtútù ti dé pátápátá. Kùrukùru tí wọ́n ń pè ní nebbia ti bo gbogbo ìlú, bí mo bá dúró de tíráàmù láàárọ̀, n kì í rí i àfi tó bá ti dé iwájú mi. Mo ṣì wà lọ́dọ̀ màmá arúgbó tí mò ń tọ́jú. Badante ni wọ́n ń pe iṣẹ́ wa: mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń dáná fún wọn, mò ń bá wọn wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Tọ́pẹ́ ṣì ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọn kì í sọ fún yín ni. Owó tí a fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá Káyọ̀dé fi ra búlọ́ọ̀kù o! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni kí ẹ fi rà.

Ẹ rántí pé ọdún tó kẹ́yìn ni Tọ́pẹ́ wà ní scuola media, ilé-ìwé ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún yìí ni wọ́n máa yan ilé-ìwé tí wọ́n máa lọ lẹ́yìn rẹ̀. Liceo ni ti ọmọ tí wọ́n rò pé yóò dé yunifásítì, professionale ni ti ẹni tó fẹ́ tètè kọ́ṣẹ́. Àwọn tísà á jókòó, wọ́n á kọ ìmọ̀ràn fún òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan. N kò bú iṣẹ́ ọwọ́ o, òun ló ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n Tọ́pẹ́ tó ń gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nínú ìṣirò, professionale ni wọ́n kọ fún un, pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó. Ọmọ tó jókòó tì í, tí Tọ́pẹ́ ń kọ́ ní ìṣirò lórí tábìlì inú ilé ìdáná mi, liceo ni wọ́n kọ fún òun. Mo ka ìwé náà, mo tún un kà, mo ní bóyá wọ́n ṣe àṣìṣe ni.

Lásìkò yẹn náà ni tísà ìtàn wọn, ọmọbìnrin kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́, ń kọ́ wọn nípa àwọn ilẹ̀ tí Italy fipá gbà ní Áfíríkà láyé ọjọ́un, àti ohun tí wọ́n fi ojú àwọn èèyàn rí níbẹ̀. Ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í ṣe èébú nìkan. Ó ní ó lè wà nínú bí wọ́n ṣe to nǹkan, tí ẹni tó ń ṣe é kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó wá ní kí ẹni tó bá rí irú rẹ̀ rí nawọ́ sókè. Tọ́pẹ́ tí kì í lè pa ẹnu mọ́, tó fi jọ yín, ló nawọ́. Ó ní kí wọ́n wo gbogbo ọmọ tó dúdú nínú ọdún kẹta, pé professionale ni wọ́n kọ fún gbogbo wọn, ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní òun kò sọ pé tísà kankan kórìíra òun, òun kàn ń béèrè ohun tó fà á ni.

Háà, Bàbá! Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù àwọn òbí ti gbóná. Àwọn kan ní òṣèlú ni tísà náà ń kọ́ ọmọ àwọn, pé ó ń dá ọmọdé lẹ́bi ohun tí wọn kò sí láyé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ó ṣe dáadáa. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, ó dun ẹlòmíràn lóòótọ́. Ìyá ọmọ tó jókòó ti Tọ́pẹ́ sunkún fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ òun délé, ó bi òun bóyá èèyàn burúkú ni bàbá àgbà òun. Àánú obìnrin náà ṣe mí. Màmá tí mò ń tọ́jú ní tiwọn ní ilé-ìwé wà fún ìwé kíkà, kì í ṣe fún ìjà, pé àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ṣebí ọmọ àwọn ni àwọn ń pe èmi. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ lóòótọ́, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí bá wá kí wọn, inú ilé ìdáná ni èmi ti ń jẹun.

Ilé-ìwé wá pe ìpàdé, wọ́n ní kí àwa náà wá. Bàbá Tọ́pẹ́ gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú tíráàmù, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n ní a kò wá sí ìlú onílùú láti wá bá wọn jà, pé ìwé ìgbélùú wa ti fẹ́ parí, a sì máa tó lọ tún un gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, Bàbá. Ẹ̀rù tó ń ba àwa tí à ń gbé níbí, mi ò mọ bí mo ṣe lè júwe rẹ̀ fún yín kó yé yín.

Ariwo pọ̀ ní ìpàdé náà. Tísà ìtàn ń ṣàlàyé, wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Tọ́pẹ́ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di ìwé kan mọ́ àyà, ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá Tọ́pẹ́ ti dìde, wọ́n ṣí fìlà òtútù kúrò lórí, wọ́n rìn lọ síwájú ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà wọn kan ilẹ̀. Kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà lórí ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti fi bàtà olómi tẹ̀. Wọ́n ń sọ pé kí wọ́n má bínú, pé ìwà ọmọdé ni, kí wọ́n bá àwọn dárí jì í.

Ẹ̀yin mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàbá mélòó ni kò dọ̀bálẹ̀ fún yín bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé? Mo rántí bàbá káfíńtà tó wá bẹ̀ yín nítorí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ní ó jí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ ní kó dìde, ẹ fún un ní àga, ẹ wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé ọmọ náà kò jí nǹkan kan. Ọwọ́ ara yín ni ẹ fi mú un padà sí kíláàsì. Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ ná, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀bẹ̀ náà fi hàn pé olè ni ọmọ rẹ̀. Ohun tí ọkọ mi ń retí nìyẹn, pé kí ọ̀gá ní kí àwọn dìde, kó wá bi ọmọ léèrè.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde, Bàbá. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn náà. Ọkùnrin kan rò pé wọ́n dákú ni, ó ń pariwo pé kí wọ́n pe ambulanza. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́rìn-ín, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá yé wọn pé ẹ̀bẹ̀ ni, bàbá ọmọ kan dìde, ó ní gbogbo wọn ti rí i, bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti gbà pé ọmọ òun ló ṣẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Tísà ìtàn wò mí, bí ẹni pé kí n sọ nǹkan. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tilẹ̀ ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkọ mi wà nílẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ṣé orí ìdúró ni èmi ìyàwó wọn á wà, tí màá máa sọ pé òdì ni wọ́n ń ṣe? Orúnkún mi ló dá mi lóhùn. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Tọ́pẹ́ kò sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́.

Wọ́n dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Wọ́n ní kí tísà padà sí ohun tó wà nínú ìwé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń yin ọkọ mi pé onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni. Ẹ̀yin náà, lórí fóònù, ẹ ní àna yín gbọ́n, ẹ sì gbàdúrà fún wọn. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n Bàbá mi, ẹ forí jì mí, ara mi kò gbà á. Ohun tí a fi ń ṣàtúnṣe nílé wa ni wọ́n fi di ẹnu ọmọ wa níbí, ọwọ́ tiwa ni wọ́n sì fi dì í.

Ẹ̀yin mọ bí Tọ́pẹ́ ṣe ń kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ tẹ́lẹ̀. Búrẹ́dì á wà lẹ́nu rẹ̀, á tẹ orúnkún kan díẹ̀, á ní ciao papà, á sáré jáde. Bàbá rẹ̀ á máa ráhùn pé ọmọ yìí kò mọ̀ ọ́n kí. Láti ìgbà ìpàdé yẹn, orúnkún méjèèjì ló ń fi kúnlẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, á tẹrí ba, á sì fi Yorùbá tó dá ṣáká sọ pé ẹ má bínú, Dàdì. Kì í kí wọn pé ẹ káàárọ̀. Ẹ má bínú nìkan ni. Kò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá ní kó dìde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú Bàbá Tọ́pẹ́ dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bi í pé kí ló ṣe tó fi ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀, pé Dàdì ló mọ̀, ṣebí àwọn ló bá òun bẹ̀bẹ̀. Ní báyìí, Bàbá Tọ́pẹ́ ti ń jáde nílé kí ọmọ tó jí. Wọ́n lọ ń dúró nínú òtútù de bọ́ọ̀sì tí kò tíì yẹ kí wọ́n wọ̀.

Tísà ìtàn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n kọ, pé àwa òbí lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní liceo bó bá wù wá. Mo sáré délé bí ẹni tó rí owó he. Tọ́pẹ́ ní òun kò lọ, professionale ni òun ń lọ. Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi yín bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo ṣe ń dirun fún un, tí kò rí ojú mi, ó wá sọ ọ́. Ó ní ní liceo, òun á tún nawọ́ sókè, òun mọ ara òun. Ó ní òun kò fẹ́ lọ síbi tí Dàdì á tún ti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlẹ́gbin nítorí òun. Ọwọ́ mi dúró sínú irun rẹ̀. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n wọ balùwẹ̀, wọ́n ṣí omi, omi náà sì ń dà fún ìgbà pípẹ́.

Bàbá mi, ó sú mi. N kò mọ ẹni tí màá bá wí. Ìforúkọsílẹ̀ ń parí ní òpin oṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Tọ́pẹ́, kí ẹ má fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. N kò mọ̀ bóyá yóò gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kó gbé fóònù fún bàbá rẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe sọ fún bàbá káfíńtà, pé kí wọ́n dìde. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ bá mi kí Màámi, kí wọ́n má fi omi tútù wẹ̀. Ẹ kí Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ kí ará àdúgbò, ẹ kí àwọn tísà tó bá yín ṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣì wà láyé. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú wa á rí ara wa láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀,
Mojí.